Ọ̀nà Ọ̀fun àti Ọ̀nà Ẹsẹ̀: Ohun tí Ìlera Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ará Bè-Kpota

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó yọ, ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀sà Bè ní Lomé yóò rí àwọn ẹgbẹ́ tí ń sáré ìdárayá. Ọ̀kan nínú wọn á máa dá orin, àwọn ìyókù á máa gbè é. Ohun tí ó dára ni, ó sì ti di àṣà ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n dáadáa, a ó rí i pé ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìyá kan tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún jókòó ti ìkòkò àyìmọlu rẹ̀, ó ń dúró de oníbàárà. Ọkùnrin onízémidjan kan jókòó sórí alùpùpù rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Àwọn tí ń sáré ni àìsàn kò tíì ká mọ́. Àwọn tí àìsàn ń ṣọ́ ni wọ́n jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé kí a máa ṣe eré ìdárayá, kí a sì máa jẹ oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore. Rédíò ń sọ ọ́, dókítà ń sọ ọ́. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà kò fi wọlé dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù? Ṣé ọ̀lẹ ni wá ni, àbí ohun mìíràn wà níbẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nínú kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Bè-Kpota, màmá kan wà tí ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Oṣù mẹ́rin ni ó fi kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kọ ọ́ tán láìwo pátákó, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò rí i mọ́. Nígbà tí a lọ kí i nílé, a gbọ́ pé ó ṣubú ní ìdí àtẹ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ ni kò gbé sókè mọ́. Kò sí ẹni tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí kí ọjọ́ náà tó dé. Òun fúnra rẹ̀ wí pé: “Olùkọ́, n kò ṣàìsàn kankan. Orí fífọ́ nìkan ni, mo sì rò pé oòrùn ni.”

Àìsàn tí kì í kan ilẹ̀kùn

Nígbà tí a wà ní kékeré, àìsàn tí àwọn òbí wa ń bẹ̀rù ni ibà, onígbáméjì àti ìgbóná. Àìsàn wọ̀nyẹn máa ń pariwo: ara á gbóná, ènìyàn á máa bì, gbogbo ilé á mọ̀. Ibà ṣì wà pẹ̀lú wa, ó ṣì ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn wọ̀nyí kì í sì í pariwo. Ènìyàn lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri fún ọdún 10, kí ó máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó má sì mọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tí ó ju bílíọ̀nù 1 lọ ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní i. Àwọn kan ṣì rò pé àìsàn àwọn òyìnbó tàbí ti olówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àgbàlagbà ní Áfíríkà. Ní Togo níbí, ìwádìí tí ìjọba ṣe pẹ̀lú àjọ náà ní ọdún 2010 fi hàn pé nǹkan bí ẹni 1 nínú àgbàlagbà 5 ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bí a bá jókòó 20 nínú kíláàsì kan, kí a ronú sí ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọkàn wa dà bí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá ń fi agbára púpọ̀ jù tì í, ògiri iṣan á máa le, á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iṣan kan nínú ọpọlọ lè dí tàbí kí ó bẹ́. Èyí ni ó ń fa rọpárọsẹ̀. Ọkàn fúnra rẹ̀ lè rẹ̀, kíndìnrín lè dẹ́kun iṣẹ́, ojú lè fọ́.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ fún wa bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá tì í. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún lù. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí nọ́ńbà òkè sì tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ní èdè Faransé sábà máa ń pè é ní 14 lórí 9. Kí ó má rú wa lójú: 14 lórí 9 àti 140 lórí 90, ohun kan náà ni.

Kí ló yí padà láàárín wa?

Àwọn kan ń sọ pé àwọn bàbá wa jẹ epo pupa, wọ́n jẹ iyán àti ọkà, wọ́n sì dàgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Ẹni tí ó wà ní Atakpamé, ní Kambolé, ní Kétu tàbí ní Sakété, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ sí oko tí ó sì fi ń bọ̀. Ó kọ ebè, ó gé igi, ó ru ẹrù, ó fa omi nínú kànga. Ara rẹ̀ ń ná ohun tí ó jẹ.

Lónìí, ìlú ni a ń gbé. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé Lomé àti àyíká rẹ̀ ní ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2, nígbà tí gbogbo Togo jẹ́ mílíọ̀nù 8 àti díẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni 1 nínú 4 ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń gbé ní ìlú ńlá kan ṣoṣo. Nínú ìlú yìí, bí a bá fẹ́ lọ sí ibi tí kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ ní ẹsẹ̀, zémidjan ni a ń pè. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyá ọlọ́jà jókòó ti àtẹ rẹ̀. Onízémidjan jókòó sórí alùpùpù fún wákàtí 10 tàbí 12. Ó ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń rìn, ara òun kò rìn. Gbogbo wọn ni iṣẹ́ ń rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àárẹ̀ náà ti tó eré ìdárayá. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí ìdárayá. Ènìyàn lè jókòó títí kí ó rẹ̀ ẹ́, kí ọkàn àti iṣan rẹ̀ má sì ṣe iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe purọ́ mọ́ gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí ó ń ru igbá kiri àdúgbò, tí ó ń gún fùfú, tí ó ń pọn omi, ó ń lo ara rẹ̀ dáadáa. OMS pàápàá sọ ọ́ ní ọdún 2020 pé gbogbo ìgbòkègbodò ara ni ó níye, yálà lẹ́nu iṣẹ́, nílé tàbí lójú ọ̀nà. Kò di ìgbà tí a bá ra bàtà olówó iyebíye.

Ohun tí ó wà nínú ìkòkò

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí ó ń gba ọ̀fun kọjá lè gbé ènìyàn lọ. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa lónìí, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bojú wò ni iyọ̀.

OMS wí pé kí àgbàlagbà kan má ṣe jẹ iyọ̀ tó gírámù 5 ní ọjọ́ kan. Gírámù 5 kò kún ju síbí kékeré tí a fi ń po tíì lọ. Ọ̀pọ̀ wa á sọ pé, “Èmi kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀.” Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí a fi ọwọ́ bù nìkan kọ́ ni iyọ̀. Kúbù amọ́bẹ̀dùn tí a ń tú sí ọbẹ̀, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré, irú èyí tí a ń ṣe ní kíláàsì. Ìkòkò ọbẹ̀ kan wà fún ènìyàn 5. A tú kúbù 4 sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wọn gírámù 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gírámù 16. Ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ iyọ̀: gírámù 8. A tún bu síbí kékeré kan tí ó kún fún iyọ̀ sí i: gírámù 5. Àpapọ̀ iyọ̀ di gírámù 13. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 5, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ ju gírámù 2 àti ààbọ̀ lọ. Ìdajì ohun tí ó tọ́ sí i fún odindi ọjọ́ nìyẹn, nínú ọbẹ̀ kan ṣoṣo. A kò tíì ka ẹja oníyọ̀ tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà, a kò tíì ka búrẹ́dì àárọ̀, a kò tíì ka oúnjẹ tí a rà lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ tí a ṣe ìṣirò yìí ní kíláàsì, ariwo sọ. Màmá kan wí pé: “Olùkọ́, bí mo bá yọ kúbù kúrò, bàbá àwọn ọmọ á ta àwo sẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ahọ́n tí ó ti mọ́ iyọ̀ lára kì í yí padà ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ń yí padà. Bí a bá dín kúbù 4 kù sí 3 fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà sí 2, ẹnu ilé á bá a lọ láìjà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń mú ọbẹ̀ dùn kí kúbù tó dé kò tíì tán lọ́jà: irú, àlùbọ́sà, áyù, atalẹ̀, ata, edé. Ẹja oníyọ̀ náà, bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi kí a sì da omi náà nù, iyọ̀ púpọ̀ á bá a lọ.

Lẹ́yìn iyọ̀ ni ṣúgà. Ìgò ohun mímu aládùn dúdú kan tí ó gba sẹ́ńtílítà 33 ní nǹkan bíi gírámù 35 ṣúgà nínú. Síbí kékeré bíi 8 tàbí 9 nìyẹn. Ta ni nínú wa tí ó lè bu síbí ṣúgà 9 sínú ife tíì kan? Nítorí pé ó tutù, tí ó sì ń ho, ahọ́n kò mọ iye rẹ̀. Lójú OMS, ó yẹ kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu wa dín sí nǹkan bíi gírámù 50 ní ọjọ́ kan, bí a bá sì lè dín in sí 25, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò fún wa. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ike tàbí páálí ni a kọ ọ̀rọ̀ sí lára. Kí a wá ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta péré. “Sel” ni iyọ̀. “Sucres” ni ṣúgà. “Matières grasses” ni ọ̀rá. Nọ́ńbà tí ó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ iye gírámù rẹ̀ tí ó wà nínú gírámù 100 ohun náà. Bí ó bá jẹ́ “sodium” ni wọ́n kọ, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po 2 àti ààbọ̀ kí a tó mọ iye iyọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà tí kò wo ibẹ̀, ó ra ohun tí kò mọ̀.

Ní ti ọ̀rá, kì í ṣe pé epo pupa tàbí òróró jẹ́ ọ̀tá. Púpọ̀ rẹ̀ ni wàhálà, àti òróró tí a fi dín dùńdú àná tí a tún fi dín púfùpúfù òní. Òróró tí ó ti dúdú tí ó sì ń rú èéfín, kí a dà á nù. Àkúmẹ̀ pàápàá kò jẹ̀bi. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni àwo tí àkúmẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ọbẹ̀ ewébẹ̀ sì jẹ́ síbí méjì péré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn kan jẹ ewébẹ̀ àti èso tó gírámù 400 ní ọjọ́ kan, èyí tí ó tó ẹ̀kúnwọ́ 5. Kí àkúmẹ̀ dín kù díẹ̀, kí adémè tí àwa ń pè ní ewédú, gbọma àti ilá pọ̀ sí i.

Ṣé oúnjẹ olówó ni?

Àríyànjiyàn tí ó le jù nìyí, kò sì yẹ kí a sá fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bè-Kpota ń wí pé: “Ẹni tí ó ní owó ni ó ń yan oúnjẹ. Ẹni tí kò ní, ohun tí ó bá rí ni yóò jẹ.” Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Èso tí a kó láti òkè òkun wọ́n. Ẹran wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ewédú, ẹ̀pà, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Lomé ń pè ní doévi, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti máńgòrò ní àsìkò wọn, oúnjẹ tálákà ni wọ́n, wọ́n sì wà lára èyí tí ó dára jù fún ara. Owó ìgò ohun mímu aládùn kan lè ra ewébẹ̀ tí yóò kún ìkòkò. Nípa èyí, ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdajì kejì kò sí ní ọwọ́ wa nìkan. Ewébẹ̀ tí Lomé ń jẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn olóko ń gbìn sórí iyanrìn etí òkun, níhà ìlà-oòrùn ìlú. Láti ìgbà tí a ti kọ́ èbúté Lomé ní àwọn ọdún 1960, òkun ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà náà. Ilé àti ilé-iṣẹ́ náà sì ń gba ilẹ̀. Bí oko bá sún jìnnà sí ìlú, owó ọkọ̀ á gorí ewébẹ̀, ìyá ọlọ́bẹ̀ á sì padà sídìí kúbù. Oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí ewébẹ̀ láìwọ̀n náà ń fẹ́ àmójútó. Nílé, kí a fi omi mímọ́ ṣan ewébẹ̀ dáadáa kí a tó sè é. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń pín ilẹ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbé ìgbésẹ̀. Gúúsù Áfíríkà fi owó orí lé ohun mímu aládùn ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ sì dín ṣúgà tí wọ́n ń fi sí i kù. Nàìjíríà náà, nínú òfin ìṣúná ọdún 2021, fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan. Owó orí nìkan kò lè wo ìlú sàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìjọba lè ṣe ju kí ó máa gba aráàlú nímọ̀ràn lọ.

Ẹsẹ̀ tí a fún wa

Eré ìdárayá mélòó ni ó tó? OMS sọ pé kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ìgbòkègbodò ara nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá pín in, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5. Ìrìn kíákíá ti tó. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìrìn náà yára tó? Bí a bá ń rìn tí a sì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí a kò lè kọrin, ó tó. Kò pọn dandan kí a rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà: ìṣẹ́jú 10 ní àárọ̀, 10 ní ọ̀sán, 10 ní ìrọ̀lẹ́, 30 náà ni. Ní ọjọ́ 2 nínú ọ̀sẹ̀, kí a tún ṣe ohun tí ó ń fún iṣan lágbára, bíi kí a máa jókòó sórí àga kí a sì máa dìde láìfi ọwọ́ dì í mú, ní ìgbà 10, kí a sinmi, kí a tún ṣe é. Ẹni tí ó ń jókòó ti àtẹ, kí ó máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó rìn yí àtẹ rẹ̀ ká.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tí àyà ń dùn tàbí tí èémí ń há, kí ó rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Ìrìn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń dí ọ̀pọ̀ obìnrin wa lọ́wọ́ kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Obìnrin tí ó bá ń sáré láàárọ̀, ẹnu aládùúgbò á lé e: “Kí ló ń lé e?” Bí ó bá sì rù díẹ̀, wọ́n á béèrè pé, “Ṣé kò sí o?” Láàárín wa, a ka sísanra sí àmì pé ọkọ ń tọ́jú ìyàwó, tí a sì ka rírù sí àmì àìsàn tàbí ìyà. Èrò yìí ń pa wá. Ọ̀rá tí ó yí ìbàdí ká kì í ṣe ọrọ̀. Ẹrù ni ọkàn ń gbé lọ́sàn-án lóru.

Ojú ọ̀nà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní Bè-Kpota, iyanrìn ni ọ̀pọ̀ òpópónà wa. Ní àsìkò òjò, omi a máa kún wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, àtẹ àti alùpùpù ti gba ibi tí ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà. Ta ni yóò sọ fún ẹni 60 ọdún pé kí ó lọ rìn láàárín ọkọ̀? Láti ọdún 2016 ni ìlú Kigali ní Rùwáńdà ti ń ti àwọn ọ̀nà kan mọ́ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní ìgbà kan lóṣù, lẹ́yìn náà ní ìgbà méjì lóṣù. Ọmọdé àti àgbà ń jáde rìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀. Kọ́múnù Golfe 1, tí Bè-Kpota wà lábẹ́ rẹ̀, lè dán irú èyí wò ní ẹ̀bá ọ̀sà. Ọ̀nà díẹ̀, wákàtí díẹ̀, nọ́ọ̀sì díẹ̀ ni ó gbà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ètò ìṣèdúró ìlera fún gbogbo ènìyàn, tí a ń pè ní AMU, ti bẹ̀rẹ̀ ní Togo. Ìgbésẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó oṣù ni ó rọrùn fún jù láti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, nítorí pé a lè yọ owó rẹ̀ láti orísun. Ìyá ọlọ́jà àti onízémidjan, tí ó ń ná ohun tí ó rí lójúmọ́, ni a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà sí. Kí wọ́n máa béèrè nípa rẹ̀ ní ẹgbẹ́ wọn àti ní kọ́múnù.

Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Ìrìn àti oúnjẹ rere ń ran oògùn lọ́wọ́. Wọn kì í gba ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àgbo.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọ̀lẹ kọ́ ni ó ń pa wá. Apá kan jẹ́ àìmọ̀, apá kan jẹ́ ìtìjú, apá kan jẹ́ bí a ṣe tò ìlú. Ti àìmọ̀ àti ti ìtìjú, àwa fúnra wa lè bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe lónìí. Ti ìlú, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí a jọ béèrè rẹ̀, kí a sì máa béèrè títí.

Ní kíláàsì wa, a ti bẹ̀rẹ̀ ohun kékeré kan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a kì í jókòó kàwé títí. A ń jọ rìn lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà, a ń ka ohun tí a kọ sára ògiri àti pátákó ní ojú ọ̀nà, a sì ń padà. Nítorí pé a pọ̀, kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé kí ló ń lé wa. Olúkúlùkù sì ní ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀ tí ó kọ ọjọ́, oṣù àti nọ́ńbà méjì tí nọ́ọ̀sì sọ fún un sí.

Màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí kíláàsì. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ báyìí, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ ni orúkọ rẹ̀. Ohun kejì ni 13 lórí 8, ó sì fi ọjọ́ sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ. Nọ́ńbà tiyín ńkọ́? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.